EMMETT RICE: ALÁWỌ̀ DÚDÚ TÍ Ó ṢỌ́ ÀPÒ OWÓ AMẸ́RÍKÀ

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọ̀dọ́ wa tí wọ́n ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga máa ń bi àwa olùkọ́ kéú lemọ́lemọ́. Wọn a ní, "Àáfáà, ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí kọ́ ẹ̀kọ́ nípa báńkì àti ètò owó, nígbà tí ó jẹ́ pé èlé ni gbogbo rẹ̀ dúró lé?" Ìbéèrè náà kì í ṣe ìbéèrè aláìgbọ́n. Ẹni tí ó bá bẹ̀rù Ọlọ́run ni í béèrè irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń béèrè kò mọ ohun tí báńkì àgbà ti orílẹ̀-èdè ń ṣe. Wọn kò sì mọ bí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn díẹ̀ bá sọ nínú yàrá kan ní ìlú òkèèrè ṣe lè sọ ọjà di ọ̀wọ́n ní Bódìjà, kí ó sì sọ ọmọ ẹni di aláìníṣẹ́ ní Èkó.

Ẹ jẹ́ kí a rántí Ànábì Yúsúfù, kí ọlà Ọlọ́run máa bá a. Ilẹ̀ àjèjì ni ó wà, lábẹ́ ọba tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn rẹ̀, síbẹ̀ òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n fi òun ṣe olùṣọ́ àwọn àká ilẹ̀ Íjíbítì. Ohun méjì ni ó fi tọrọ iṣẹ́ náà: ìṣọ́ra àti ìmọ̀. Nítorí ìmọ̀ rẹ̀, ọdún ìyàn méje kọjá, ebi kò pa ìlú run. Ẹni tí ń ṣọ́ àpò ìlú, àmánà ńlá ni ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a gbé ìtàn ọkùnrin kan yẹ̀ wò lónìí. Kì í ṣe Mùsùlùmí, kì í sì í ṣe ọmọ Yorùbá. Ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú ni, oníṣẹ́ báńkì ni, ó sì wà lára àwọn méje tí ń darí báńkì àgbà ilẹ̀ Amẹ́ríkà láti ọdún 1979 títí di 1986. Orúkọ rẹ̀ ni Emmett John Rice. Ọ̀pọ̀ wa ni kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ Èkó, ó sì ti bá wa ṣe iṣẹ́ níbẹ̀.

Ìbí àti Ìgbà Èwe Rẹ̀

Ọjọ́ 21, oṣù kejìlá, ọdún 1919 ni a bí Emmett Rice ní ìlú Florence, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, ní gúúsù ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Inú oko ẹrú ni wọ́n bí Walter Rice, bàbá bàbá rẹ̀, sí. Walter yìí jà nínú ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ní ìhà àwọn tí wọ́n fòpin sí òwò ẹrú níbẹ̀. Nígbà tí ó di òmìnira, ó kàwé, ó di oníwàásù, ó sì dá ilé-ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní ìlú Bordentown ní ìpínlẹ̀ New Jersey ní 1886, níbi tí àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ti ń kọ́ ìwé àti iṣẹ́ ọwọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ náà wà títí di 1955. Ẹ rí i pé igi ìmọ̀ tí ẹrú àná gbìn ni ọmọ-ọmọ rẹ̀ wá jókòó sí abẹ́ òjìji rẹ̀.

Oníwàásù ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni bàbá Emmett, olùkọ́ sì ni ìyá rẹ̀. Ọmọdé ni ó wà nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ní ayé ìgbà náà, òfin ìyàsọ́tọ̀ ni ó ń jọba ní gúúsù Amẹ́ríkà. Ilé-ẹ̀kọ́ aláwọ̀ dúdú yàtọ̀ sí ti aláwọ̀ funfun, ìjókòó wọn nínú ọkọ̀ yàtọ̀, ibi tí wọ́n ti ń bu omi mu pàápàá yàtọ̀. Ọmọ òrukàn tí ó dàgbà sínú irú ayé bẹ́ẹ̀ ní ìdí tí ó fi lè sọ ìrètí nù. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í ti àárọ̀ ṣepin.

Emmett wọ City College ní ìlú New York, ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí kò gba owó ilé-ẹ̀kọ́ ní ìgbà náà, tí ọmọ tálákà sì pọ̀ sí. Ó gba oyè àkọ́kọ́ nínú ẹ̀kọ́ nípa òwò ní 1941, ó sì gba èkejì ní 1942. Lẹ́yìn èyí ni ogun àgbáyé kejì gbé e. Ó wọ ẹgbẹ́ ọmọ ogun òfuurufú, ó wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí a mọ̀ sí ọmọ ogun Tuskegee, ó sì dé ipò kápítéènì. Àwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń jà fún orílẹ̀-èdè tí kò gbà kí wọ́n jókòó pẹ̀lú aláwọ̀ funfun. Ọdún 1948 ni Ààrẹ Truman tó pàṣẹ pé kí ìyàsọ́tọ̀ dópin nínú iṣẹ́ ológun.

Lẹ́yìn ogun, Rice lọ sí Yunifásítì California ní ìlú Berkeley láti kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ètò ọrọ̀ ajé. Bí ó ti ń kàwé ni ó ń ṣe iṣẹ́ panápaná, ó sì wà lára àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n kọ́kọ́ wọ iṣẹ́ náà ní ìlú yẹn. Ní 1952, ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ Fulbright gbé e lọ sí ilẹ̀ Íńdíà. Ọdún márùn-ún péré ni Íńdíà gba òmìnira ní ìgbà náà, Rice sì ṣe ìwádìí nínú báńkì àgbà ilẹ̀ náà, ó ń wo bí orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tọ́jú owó ara rẹ̀. Ó di olùkọ́ ní Yunifásítì Cornell ní 1954, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1955, ó sì ń kọ́ni níbẹ̀ títí di 1960. Ọdún náà ni ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, tí ó wọ ẹ̀ka báńkì àgbà Amẹ́ríkà tí ó wà ní New York.

Ohun Tí Báńkì Àgbà Ń Ṣe

Kí a tó tẹ̀síwájú, ó yẹ kí a mọ ohun tí à ń sọ. Báńkì àgbà kì í ṣe báńkì tí èmi àti ìwọ lè wọ̀ láti lọ fi owó pamọ́. Báńkì àwọn báńkì ni. Òun ni ó ń tẹ owó ìlú, òun ni ó ń tọ́jú owó ìjọba, òun ni àwọn báńkì yòókù ń sá lọ bá nígbà tí owó bá tán lọ́wọ́ wọn. Ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n ń pè ní Federal Reserve, ni òfin gbé kalẹ̀ ní ọjọ́ 23, oṣù kejìlá, ọdún 1913. Ó ní ẹ̀ka 12 káàkiri ilẹ̀ náà. Ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje ni ó wà lókè ní Washington. Ààrẹ ni ó ń yàn wọ́n, àwọn aṣòfin àgbà ni ó ń fọwọ́ sí i. Ọdún 14 ni òfin fi sí sáà ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹnikẹ́ni má baà máa bẹ̀rù olóṣèlú.

Àwọn ni wọ́n ń sọ iye èlé tí báńkì àgbà yóò gbà lórí owó tí ó bá yá báńkì kéékèèké. Ẹ wò ó báyìí: bí àwọn tí ń ta màlúù lódindi bá gbówó lé màlúù, alápatà yóò gbówó lé ẹran, ìyá olóúnjẹ náà yóò sì gé ẹran rẹ̀ wẹ́wẹ́. Bákan náà ni èlé rí. Bí ti òkè bá gòkè, ti ìsàlẹ̀ yóò gòkè. Ẹni tí ó fẹ́ kọ́lé yóò dúró, oníléeṣẹ́ tí ó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ yóò dúró, owó kò ní pọ̀ nígboro mọ́, ọ̀wọ́n ọjà yóò sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n bá sọ èlé kalẹ̀, òdìkejì rẹ̀ ni yóò ṣẹlẹ̀. Ìdí nìyí tí agbára tí ó wà lọ́wọ́ àwọn méje yìí fi lè ju ti ọba mìíràn lọ.

Ó Dé Èkó

Ṣáájú 1959, Nàìjíríà kò ní owó tirẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì dá sílẹ̀ ní 1912, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní London, ni ó ń tẹ owó tí a ń ná ní Nàìjíríà, ní Gold Coast, ní Sierra Leone àti ní Gambia. Iṣẹ́ ìgbìmọ̀ náà kò ju kí wọ́n pààrọ̀ owó wa sí owó Gẹ̀ẹ́sì lọ. Wọn kò ní agbára láti ran àgbẹ̀ tàbí oníṣòwò ilẹ̀ wa lọ́wọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá le. Òfin 1958 ni ó gbé Báńkì Àgbà Nàìjíríà kalẹ̀, ọjọ́ kìíní, oṣù keje, ọdún 1959 ni ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó, pẹ̀lú pọ́n-ùn Nàìjíríà. Gẹ̀ẹ́sì kan, Roy Fenton, ni gómìnà rẹ̀ àkọ́kọ́.

Báńkì náà ṣì kéré lọ́jọ́ orí nígbà tí Rice dé Èkó ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 gẹ́gẹ́ bí agbani-nímọ̀ràn fún un. Lásìkò yìí kan náà ni ipò gómìnà kúrò lọ́wọ́ àlejò. Ní oṣù keje, ọdún 1963, Alhaji Aliyu Mai-Bornu gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Fenton, ó sì di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga náà. Mùsùlùmí ni. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ rò pé àwọn Mùsùlùmí ìgbà yẹn sá fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Iṣẹ́ agbani-nímọ̀ràn kì í ní ariwo. A kì í kọ orúkọ rẹ̀ sára owó, a kì í ya ère rẹ̀ síta. Ṣùgbọ́n ẹ ro ó wò: ọmọ-ọmọ ẹni tí wọ́n bí sínú oko ẹrú ní Amẹ́ríkà, tí ó padà sí ilẹ̀ Áfíríkà láti wá ran àwọn ará ibẹ̀ lọ́wọ́ kí owó wọn lè dá dúró. Kì í ṣe òun nìkan. Aláwọ̀ dúdú mìíràn, Andrew Brimmer, ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí ní Sudan ní 1956 sí 1957, nígbà tí ilẹ̀ Mùsùlùmí náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira. Brimmer yìí ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí ó wọ ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni méje náà, ní 1966. Rice ni ìkejì.

Láti Èkó dé Ìgbìmọ̀ Ẹlẹ́ni Méje

Rice padà sí Amẹ́ríkà ní 1964, ó sì wọ iléeṣẹ́ ìṣúra ìjọba, níbi tí ó ti ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀. Ní 1966, Ààrẹ Johnson yàn án láti wà lára àwọn tí ń ṣojú Amẹ́ríkà ní Báńkì Àgbáyé, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1970. Lẹ́yìn èyí ni ó wọ iṣẹ́ báńkì oníṣòwò gan-an. Ó di ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá National Bank of Washington. Ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ tí ń wa èédú ni ó ní ìpín tí ó pọ̀ jù nínú báńkì náà.

Ní 1979, Ààrẹ Jimmy Carter yàn án sí ìgbìmọ̀ Federal Reserve. Oṣù kẹfà ọdún náà ni wọ́n búra fún un. Nígbà tí ó fi máa di oṣù kẹjọ, Paul Volcker di alága. Ọkùnrin gíga fíofío ni Volcker, ohun tí ó sì gbé sọ́kàn kò ju ẹyọ kan lọ: kí ọ̀wọ́n ọjà dópin ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún yẹn, owó ọjà fi bí ìdá 13 nínú 100 gòkè. Ìyípadà ìjọba ní Ìráànì ti sọ epo rọ̀bì di wúrà. Epo kan náà tí ó ń da owó sí àpò Nàìjíríà ni ó ń mú kí ará Amẹ́ríkà máa kérora.

Ìbò Mẹ́rin sí Mẹ́ta

Ní ọjọ́ 18, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1979, Volcker fẹ́ kí wọ́n gbé èlé báńkì àgbà láti ìdá 10 àti ààbọ̀ lọ sí 11 nínú 100. Ìgbìmọ̀ dìbò. Mẹ́rin ní kí ó rí bẹ́ẹ̀, mẹ́ta ní rárá. Rice wà lára àwọn mẹ́ta náà, pẹ̀lú Charles Partee àti Nancy Teeters, obìnrin àkọ́kọ́ tí ó wọ ìgbìmọ̀ yìí. Ẹ̀rù tí ó wà nílẹ̀ ni pé ọrọ̀ ajé ti ń fà sẹ́yìn, pé bí èlé bá tún ga sí i, iṣẹ́ yóò bọ́ lọ́wọ́ àwọn ènìyàn.

Ẹ wo ipò tí ọkùnrin yìí wà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó lò níbẹ̀. Òun nìkan ni aláwọ̀ dúdú láàárín wọn. Alága tuntun sì wà níwájú rẹ̀ tí gbogbo ayé ń wò. Ẹlòmíràn ì bá dákẹ́, kí ó ní òun jẹ́ àlejò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fi ṣọ́ àpò ìlú, tí ó wá pa èrò rẹ̀ mọ́ nítorí ojú àwọn ènìyàn, àmánà ni ó jẹ.

Àwọn oníṣòwò owó gbọ́ pé mẹ́rin sí mẹ́ta ni, wọ́n ní ìgbìmọ̀ náà kò ní ọkàn kan, pé wọn kò ní lè bá ọ̀wọ́n ọjà jà dópin. Ọ̀rọ̀ wá le. Ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 6, oṣù kẹwàá, Volcker pe gbogbo wọn jọ ní Washington láìròtẹ́lẹ̀. Wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe iṣẹ́ padà, wọ́n sì gbé èlé náà dé ìdá 12. Lọ́jọ́ yìí, ohùn wọn ṣọ̀kan. Rice tí ó ti ní rárá ní ọjọ́ 18 ṣáájú dìbò pẹ̀lú wọn.

Ẹni tí ó bá ka ìtàn Ànọ́bì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, yóò rántí ogun Uhudu. Ànọ́bì fẹ́ kí wọ́n dúró sínú Mọ̀dínà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ àwọn sàábé, pàápàá àwọn ọ̀dọ́, ní kí wọ́n jáde lọ pàdé ọ̀tá. Ó gbọ́ tiwọn. Nígbà tí ìpinnu ti délẹ̀, kò tún sí ìjà mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbìmọ̀ ṣe ń dára: kí oníkálukú sọ òtítọ́ inú rẹ̀ kí ìpinnu tó wáyé, kí wọ́n sì jọ gbé ẹrù náà nígbà tí ó bá ti wáyé.

Ohun Tí Ó Kàn Wá Níbẹ̀

Ẹrù náà wúwo. Ní òpin ọdún 1980, èlé tí àwọn báńkì Amẹ́ríkà ń gbà lọ́wọ́ àwọn oníbàárà wọn pàtàkì kọjá ìdá 21 nínú 100. Àwọn kọ́lékọ́lé tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ wọn ń fi gbọọrọ pákó ránṣẹ́ sí Federal Reserve láti fi ìbínú hàn. Ní òpin 1982, nínú ènìyàn 100 tí ó ń wá iṣẹ́ tàbí tí ó ń ṣe é, ó lé ní 10 tí kò ní iṣẹ́. Lóòótọ́ ọ̀wọ́n ọjà rọlẹ̀. Ní 1983, kò tó ìdá 4 nínú 100 mọ́. Àwọn tí wọ́n ní kí èlé gòkè rí ohun tí wọ́n ń wá, ohun tí àwọn tí wọ́n ní rárá sì ń bẹ̀rù náà ṣẹlẹ̀.

Ṣùgbọ́n omi náà kò dúró sí Amẹ́ríkà. Ní 1978, ìjọba Nàìjíríà yá bílíọ̀nù kan dọ́là lọ́wọ́ àwọn báńkì òkè òkun. Irú owó báyìí, èlé rẹ̀ kì í dúró lójú kan, bí ti òkè bá ń lọ, yóò máa tẹ̀ lé e. Àwọn orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti yá owó nígbà tí èlé kéré wá rí i pé gbèsè ń bímọ lórí ara rẹ̀. Mexico ni ó kọ́kọ́ ké gbàjarè, ní oṣù kẹjọ, 1982. Ní tiwa, iye epo rọ̀bì já wálẹ̀ ní àkókò kan náà, a sì ń yáwó kún owó. Nígbà tí ó di 1986, ètò SAP dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, náírà kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là kan. Ní 1987, ó gba nǹkan bí náírà mẹ́rin kí a tó rí dọ́là kan. Ẹ̀yin tí ẹ ti tó ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ nígbà náà mọ ohun tí a fojú rí.

Àwọn bàbá wa mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa nípa ìwọ̀fà. Ẹni tí ó bá yáwó yóò fi ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kò dín owó kù. Ọdún lè gorí ọdún, kí gbèsè ṣì wà bí ó ti wà. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni orílẹ̀-èdè wa di ìwọ̀fà. Ọdún 2005 ni a tó bá àwọn ìjọba tí a jẹ ní gbèsè parí ọ̀rọ̀: a san nǹkan bíi bílíọ̀nù 12 dọ́là, wọ́n sì fi nǹkan bíi bílíọ̀nù 18 jì wá.

Èmi kò sọ pé Rice ni ó fa èyí. Ẹyọ ìbò kan ni ó ní, àwọn tiwa ni wọ́n sì lọ tọwọ́ bọ̀wé gbèsè. Ohun tí mo ń sọ ni pé nínú yàrá tí wọ́n ti ń dá iye èlé, ẹnì kan wà tí ó ti gbé Èkó rí, tí ó sì mọ Íńdíà, tí ó mọ̀ pé àwọn tálákà wà lẹ́yìn àwọn nọ́ńbà inú ìwé.

Ìgbà Kejì

Ọdún méje kọjá, wọ́n tún dé ibi ìbò mẹ́rin sí mẹ́ta. Ní ọjọ́ 24, oṣù kejì, ọdún 1986, àwọn mẹ́rin tí Ààrẹ Reagan yàn ní kí wọ́n sọ èlé kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Volcker ní kí wọ́n dúró kí Jámánì àti Japan lè ṣe é pọ̀, kí iye dọ́là má baà já lulẹ̀. Ìbò wáyé, alága fìdí rẹmi. Àwọn méjì tí wọ́n dúró tì í ni Henry Wallich àti Emmett Rice. Volcker bínú jáde, ó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n yí ìpinnu náà padà. Ní oṣù kẹta, Jámánì àti Japan dín èlé tiwọn kù, Amẹ́ríkà náà sì dín tirẹ̀ láti ìdá 7 àti ààbọ̀ sí 7.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sórí ìwọ̀n. Ní 1979, Rice tako Volcker. Ní 1986, nígbà tí àwọn mìíràn dojú kọ ọkùnrin yìí kan náà, Rice wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìgbà méjèèjì ni ó wà lára àwọn tí wọ́n kéré. Kò tẹ̀ lé ènìyàn nítorí agbára, kò sì kórìíra ènìyàn nítorí pé wọ́n ti jiyàn rí. Ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà ni ó ń dìbò lé lórí.

Ilé àti Ọmọ

Ní òpin 1986 ni Rice fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ìyàwó tí ó bímọ fún un, Lois Dickson Rice, jẹ́ obìnrin olókìkí nínú akitiyan owó ìrànlọ́wọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà ń fún àwọn ọmọ tálákà láti fi lọ sí yunifásítì. Ìgbéyàwó wọn kò dọ́jọ́ alẹ́, ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì tọ́ ọmọ. Ọmọbìnrin wọn, Susan Rice, ṣojú Amẹ́ríkà ní Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé láti 2009 sí 2013, ó sì ṣe olùdámọ̀ràn Ààrẹ Obama lórí ààbò títí di 2017.

Ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ Susan nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ó wà lára àwọn àlejò láti Amẹ́ríkà tí wọ́n lọ rí Alhaji M.K.O. Abíọ́lá, Bàbá Àdínì ilẹ̀ Yorùbá, nínú àtìmọ́lé ní Àbújá ní ọjọ́ 7, oṣù keje, 1998. Lẹ́nu ìpàdé náà ni àìsàn kọlu Abíọ́lá, tí ó sì dolóògbé lọ́jọ́ náà. Kí Ọlọ́run bá wa forí jì í. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà pọ̀ lẹ́nu ayé, kì í ṣe ibi tí a ó ti tú u nìyí. Mo mẹ́nu bà á kí ẹ lè rí i bí ayé ṣe kéré: bàbá wá sí Nàìjíríà nígbà tí ìlú ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti ń tọ́jú owó, ọmọ sì wá nígbà tí ọ̀fọ̀ ńlá ṣẹ̀.

Emmett Rice kú ní ọjọ́ 10, oṣù kẹta, ọdún 2011, ní ìlú Camas ní ìpínlẹ̀ Washington. Ẹni ọdún 91 ni.

Ẹ̀kọ́ Inú Ìtàn Yìí

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìbéèrè àwọn ọ̀dọ́ wa. Òfin Ọlọ́run lórí èlé kò yí padà, ó wà nínú Súrátù Bákórà, kò sí onímọ̀ kan tí ó lè pa á rẹ́. Ètò tí Rice bá ṣiṣẹ́, orí èlé ni ó dúró lé, a kò sì ní sọ pé nítorí ìwà rere rẹ̀ kí èlé di ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé nínú súrà yìí kan náà ni àáyà tí ó gùn jù nínú gbogbo Àlùkùránì wà, ọ̀rọ̀ gbèsè àti bí a ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni ó sì dá lé. Ọlọ́run tí ó kọ èlé fún wa ni ó ní kí a mọ ìṣirò, kí a mọ àkọsílẹ̀, kí a wá ẹlẹ́rìí. Kò ní kí a di ojú wa.

Ẹni tí kò mọ bí èlé ṣe ń ṣiṣẹ́ kò lè gba ìlú lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí Báńkì Jaiz bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láìgba èlé ní Nàìjíríà ní 2012, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fi sukuk kó bílíọ̀nù 10 náírà jọ ní 2013 láti fi kọ́ ilé-ẹ̀kọ́, tí ìjọba àpapọ̀ náà sì fi tirẹ̀ kó bílíọ̀nù 100 náírà jọ ní 2017 fún títì, àwọn tí wọ́n jókòó ṣe ìṣirò rẹ̀ ni àwọn tí wọ́n ti kọ́ ẹ̀kọ́ ètò owó ní àkọ́yé, tí wọ́n sì mọ ohun tí Ṣẹ̀ríà wí. Ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n fi rìn. Ẹni tí ó mọ kéú nìkan kò lè dá a ṣe, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó mọ ìwé òyìnbó nìkan.

Nítorí náà, ìwọ ọ̀dọ́kùnrin, ìwọ ọ̀dọ́bìnrin, bí Ọlọ́run bá fún ọ ní orí ìṣirò, má sá. Kọ́ ọ, kí o sì mú ìbẹ̀rù Ọlọ́run lọ́wọ́ bí o ti ń kọ́ ọ. Bí ó bá di ọjọ́ tí wọ́n bá fi ọ́ sínú ìgbìmọ̀, ìbáà ṣe ti báńkì àgbà, ìbáà ṣe ti mọ́sálásí àdúgbò, tí wọ́n ń dìbò lórí owó ọlọ́wọ́, rántí ọmọ òrukàn South Carolina tí ó ní "rárá" nígbà tí ó jẹ́ àlejò láàárín wọn. Ẹ̀yin òbí, ẹ má fi iṣẹ́ ìṣọ́ àpò sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ẹlòmíràn, kí ẹ wá máa sunkún pé àpò ti jò.

Kí Ọlọ́run Ọba fún wa ní ìmọ̀ tí ó ṣe àǹfààní, kí Ó yọ ọrùn wa kúrò nínú àjàgà gbèsè, kí Ó sì fi àwọn ọmọ wa ṣe olùṣọ́ àmánà tí kò ní dalẹ̀. Àmín.